Àyẹ̀wò ọdún 2025 mi: owó oúnjẹ ló fẹ́ lé mi kúrò níléèwé

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìnáwó mi sí láti oṣù kìíní, mo sì kà á títí dé ìparí. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò ọdún yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ọdún 35, tẹ́ ẹ sì ń gbèrò àtipadà síléèwé ni mo dìídì ń bá sọ̀rọ̀. Owó iléèwé ní iye, ó sì lọ́jọ́ tó máa ń dé, èèyàn lè múra sílẹ̀ dè é. Jíjẹ àti mímu, owó ọ̀kadà, gáàsì, àti wákàtí tó yẹ kéèyàn fi ṣiṣẹ́ owó tó wá di ti kíláàsì, àwọn wọ̀nyẹn ló fẹ́ dá mi padà sílé.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: aránṣọ ni mí, ọdún 39 ni mo wà, mo lọ́kọ, mo sì bímọ méjì. Mo gba ND, ìwé ẹ̀rí pólì, nínú ìmọ̀ oúnjẹ ní 2008, lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó àti ọmọ títọ́ gba àkókò mi. Ní 2024 ni mo fi ìwé ẹ̀rí yẹn gba Direct Entry, ìyẹn ọ̀nà tí kì í jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, wọ 200 level ní LAUTECH, yunifásítì Ladoke Akintola. Láti 1990 ni iléèwé yẹn ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, àìmọye ìgbà ni mo sì ti gba ẹnu géètì rẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Wọ́n rò pé olùkọ́ ti dé. Mo dá wọn lóhùn, mo lọ jókòó síjókòó kejì, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì sún ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n lè rí ohun tí wọ́n ti kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ yẹn ò mọ̀ bí ohun tó ṣe yẹn ti tó lọ́kàn mi.

Kí n tó wọlé, ṣọ́ọ̀bù mi máa ń fún mi ní bíi ₦85,000 lóṣù lẹ́yìn tí mo bá ti yọ owó òwú àti owó iná. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síléèwé lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó já wálẹ̀ sí ₦45,000. Mi ò pàdánù oníbàárà kankan nítorí pé iṣẹ́ mi ò dáa, wọ́n kàn wá, wọn ò bá mi ni. Bíríkìlà ni bàbá àwọn ọmọ mi, iṣẹ́ tiẹ̀ sì máa ń dínkù nígbà òjò. Ẹnu mẹ́rin ló ń jẹun nílé wa.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí NELFUND ń bójú tó. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Òfin tó kọ́kọ́ jáde ní 2023 sọ pé owó tó ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá oníduùró méjì, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12 tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́. Ibo ni kí n ti rí wọn? Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024 yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Wọ́n á san owó iléèwé fún iléèwé fúnra rẹ̀, wọ́n á sì san ₦20,000 lóṣù sí àpò akẹ́kọ̀ọ́ fún àtijẹ àtimu. Kò ní èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn téèyàn bá parí àgùnbánirọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà.

Níbi orúkọ ni mo ti kọsẹ̀. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN mi, orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ND, báńkì sì so méjèèjì pọ̀ lórí BVN. Oṣù kejì ni mo bẹ̀rẹ̀, oṣù karùn-ún ti ń lọ sópin kí gbogbo rẹ̀ tó di orúkọ kan. Mo lọ búra ní kóòtù, mo san owó ìkéde nínú ìwé ìròyìn, mo to ìlà títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ọmọ ọdún 18 kì í ní irú ìṣòro yìí, torí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ náà ló ṣì ń jẹ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ fẹ́ padà síléèwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orúkọ yín ṣe kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù JAMB. Ká ní mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú oṣù karùn-ún kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ibà ló dá àbúrò, ọmọ mi kejì, dùbúlẹ̀. Gáàsì tán lọ́jọ́ kan náà. Bàbá wọn ti lo ọ̀sẹ̀ méjì láìríṣẹ́. Mo yá ₦15,000 lórí ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀yáwó orí fóònù yẹn. ₦11,500 ni wọ́n san fún mi, wọ́n ti yọ tiwọn, wọ́n sì ní kí n san ₦15,000 pé láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ kan péré ni mo fi pẹ́. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù mi pé olè ni mí, pé mo gbówó, mo sá. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mi, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ìjọ wa. Ara mi ń gbọ̀n nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ ohunkóhun tí olùkọ́ sọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi pè láti Ajáàwà. Mo ti múra fún èébú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyàwó mi, ṣé ebi ń pa yín ni tẹ́ ò sọ?" Mi ò lè fọhùn. Wọ́n ní, "Dákẹ́, má sunkún. Èmi ni mo ní kó o lọ kàwé." Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan já èlùbọ́ àpò kan kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi irú àti ata gbígbẹ sínú ọ̀rá lé e lórí.

Wọ́n ń kì wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Àpò èlùbọ́ kan yẹn la jẹ láti òpin oṣù karùn-ún títí oṣù kẹjọ fi wọ̀, àárọ̀ àti alẹ́. Nígbà tí mo padà wo ìwé ìnáwó mi, owó oúnjẹ oṣù kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti oṣù kẹrin. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń ra èlùbọ́ ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, mo rò pé mò ń ṣọ́wó ná ni. Owó gọbọi ló ń gba ibẹ̀ lọ.

Nínú oṣù keje ni ₦20,000 àkọ́kọ́ ti NELFUND wọlé. Mo kọ ọ́ báyìí: ọ̀kadà láti Tákìé lọ bọ̀, ₦600 lójúmọ́, ó di ₦9,600 lóṣù. Hándáàtì àti fọ́tòkọ́pì, ₦4,000. ₦6,400 ló ṣẹ́ kù. Ẹnu kan ni wọ́n ṣírò owó yẹn fún, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni rántí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ́mọ nílé nígbà tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rántí wa. Síbẹ̀ ẹ gbà á, torí owó ọkọ̀ kò dá mi dúró sílé mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ohun kan tún wà tí mo ṣe tí mo ṣì ń dúpẹ́ lé lórí. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ ká bẹ̀rẹ̀ ìdánwò nígbà tí oníbàárà kan kó aṣọ ẹbí mẹ́fà wá, ₦6,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo aṣọ náà, mo wo ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri níwájú màṣíìnì. Mo gba méjì, mo gbé mẹ́rin fún aránṣọ ẹgbẹ́ mi. ₦24,000 lọ lójú mi. Mo yege gbogbo iṣẹ́ ọdún náà, mo sì ti wà ní 300 level báyìí.

Mo ṣì jẹ gbèsè ₦18,000 lọ́dọ̀ alájọṣẹ́ mi kan, mo sì ti bá a sọ ọjọ́ tí màá san án. Àwa obìnrin mẹ́wàá la jọ ń dá àjọ ₦5,000 lóṣù, èmi ni màá kó o nínú oṣù kẹta 2026. Àpò èlùbọ́ méjì, gáàsì, àti gbèsè yẹn ni mo ti pín in sí. Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n mú owó àpò kan péré wá, pé ọyẹ́ ti mú dáadáa ní Ajáàwà, àwọn sì ti bẹ iṣu tiwa, àwọn ti bọ̀ ọ́, ó ti wà lórí àpáta tí wọ́n sá a sí.