Ẹyin méjì ló kù

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Àkúrẹ́. Òjò ṣì ń rọ̀.

Ọmọ mi obìnrin á pé ọdún 7 lọ́la, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń kìlọ̀ fún mi pé òun ò fẹ́ kéèkì rírà. Ti ilé lòun fẹ́. Kó lè rí abọ́ lá ni, mo mọ̀ ọ́n.

Mo gba Ọjà Ọba kọjá lẹ́yìn iṣẹ́, mo ra ẹyin márùn-ún àti ṣúgà. Mo gbé ẹyin lé itan nínú kẹ̀kẹ́ mààrúwá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà tí a máa fi dé Òkè Àró, oníkẹ̀kẹ́ ń sá fún kòtò kan, ló bá kó sí méjì. Mo kàn gbọ́ tútù lára itan ni. Ọ̀rá dúdú yẹn ti lu, ẹyin ti ń ṣàn lára yẹ́rì mi bọ́ sílẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mẹ́ta lọ. Méjì tó kù sá sí igun ọ̀rá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n. Òjò dé, àwọn tó ń ta ẹyin ládùúgbò wa ti ti ìlẹ̀kùn, owó ẹyin ayé ìsinsìnyí kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń san lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Mo ṣí fíríìjì, bọ́tà tí mo gbójú lé, ẹnì kan ti fi jẹ búrẹ́dì dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.

Mo pe Màmá Títí tó ń ta kéèkì nísàlẹ̀ àdúgbò wa.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹyin mẹ́ta dín fún mi, kí ni mo lè fi rọ́pò?"

"Iṣẹ́ wo lo fẹ́ kó bá ọ ṣe?"

Mo dákẹ́. Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi ni.

"Ẹyin náà ni mò ń bi ọ́. Iṣẹ́ wo lo fẹ́ kó ṣe?"

Wọ́n ní iṣẹ́ ẹyin ò ṣẹ́ kù sí ẹyọ kan. Òun ló ń so kéèkì pọ̀ kó má fọ́n. Òun ló ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra tí kéèkì fi ń wú. Omi inú rẹ̀ àti ọ̀rá inú pupa rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, ìdajì ẹyọ kan fún ẹyin kan, lè so ó pọ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ kó rọ̀, àmọ́ kò lè gbé e dìde. Wọ́n wá fi òfin tiwọn kún un: "Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń rọ́pò nínú kéèkì kan. Tó bá ti di méjì, mi ò ní gba owó oníbàárà." Mi ò wulẹ̀ dárúkọ bọ́tà fún wọn.

Ká ní mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lọ́dún tó kọjá ni. Baking powder tán, mo rí baking soda, mo ní ṣebí funfun ni méjèèjì, méjèèjì ló sì ń mú kéèkì wú. (Ọmọbìnrin inú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ti kọ́kọ́ fẹ́ ta yíìsì fún mi, ó ní ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Yíìsì ohun ẹlẹ́mìí ni, ti búrẹ́dì àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, kì í kánjú, kéèkì ò sì lè dúró dè é.) Ṣíbí kékeré méjì ló yẹ kí powder jẹ́, ṣíbí kékeré méjì soda náà ni mo bù. Agbára soda tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti powder, bẹ́ẹ̀ ó ń fẹ́ nǹkan kíkan tó máa bá a jà. Powder ní tirẹ̀, wọ́n ti po nǹkan kíkan mọ́ ọn látilé. Soda tí kò rẹ́ni bá jà, inú kéèkì ló ń jókòó sí. Ìyá ọkọ mi gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni?" Ó ń ta ọṣẹ lẹ́nu lóòótọ́. Ẹbí kan náà ni soda àti káún. Ẹni tó bá ti jẹ ewédú tí káún rẹ̀ pọ̀ jù á mọ ohun tí mò ń sọ.

Tòní, mo ṣe sùúrù. Mo nílò bọ́tà 250 gíráàmù, 125 ló kù. Òróró ni mo fi dí i, àmọ́ 100 gíráàmù ni mo wọ̀n, torí pé nínú bọ́tà, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kì í ṣe ọ̀rá, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òróró ọ̀rá ni látòkè délẹ̀. Ohun tí òróró ò sì lè ṣe ni kó gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí a bá ń lu bọ́tà mọ́ ṣúgà, hóró ṣúgà yẹn ló ń dá ihò wẹ́wẹ́ sí bọ́tà lára, tó fi ń fẹ́lẹ́, tó fi ń funfun. Mo lu bọ́tà díẹ̀ tó kù mọ́ gbogbo ṣúgà títí apá fi ro mí, kí n tó máa kán òróró sí i.

Mo wá la mílíìkì inú agolo pẹ̀lú omi, ìdajì ife, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ìdajì ṣíbí ìjẹun. Mo dúró tì í. Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá ni etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ó wá ń dì kúlúkúlú lára ife bí ògì tí omi rẹ̀ ò hó dáadáa.

"Mọ́mì, ó ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́, mò ń jẹ́ kó kan ni."

Ẹni tí mo fẹ́ kó bá soda jà nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré ni mo bù lọ́tẹ̀ yìí, mo fi kún powder, kí wọ́n bá mi gbé ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò lè gbé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta wà lórí fíríìjì, èèpo wọn ti dúdú; mo fi fọ́ọ̀kì tẹ ẹyọ kan àbọ̀, mo sì ti dín ṣúgà kù tẹ́lẹ̀ torí adùn rẹ̀. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì náà tán. Mo ha ariwo díẹ̀ sí i, hóró olóòórùn tí ìyá mi máa ń fi sí ọbẹ̀ ata. Ẹ má sọ fún Màmá Títí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ̀ láti rọ́pò ni kòkó. Ọmọ yẹn fẹ́ kéèkì dúdú, ọkọ mi ní kí n da tíì tí à ń mu láàárọ̀ sí i. Ṣúgà àti mọ́ọ̀tì ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, àwọ̀ lásán ló máa ní. Oko kòkó ni bàbá mi fi rán wa níléèwé, lọ́nà Ìdànrè. A máa ń fá ohun funfun ara hóró rẹ̀ lá, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ìyókù fún bí ọjọ́ mẹ́fà, òórùn rẹ̀ á máa kan bí ọtí, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. A ń pè é ní kòkó, a ń tà á ní kílò, mi ò sì mọ bó ṣe rí lẹ́nu nínú kéèkì títí mo fi dàgbà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó kún fún kòkó yìí náà ni mo wà, agolo kékeré rẹ̀ ń wò mí látorí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ ò sì bá mi lọ́wọ́. Kéèkì funfun ni mo yan. Ọmọ náà sunkún díẹ̀.

Ìṣẹ́jú 45 ni mo máa ń fi í sínú ófùn. Lónìí, ó pé 50, igi ìtayín ṣì ń jáde tòun ti omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Wákàtí kan lé díẹ̀ kó tó gbẹ, àárín rẹ̀ sì rì wálẹ̀, kò pọ̀, bí ibi tí ológbò sùn sí lórí tìmùtìmù. Ó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wúwo lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Òórùn ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Kì í ṣe kéèkì tí mo mọ̀, àmọ́ kò ta ọṣẹ.

Mo fi ọ̀bẹ gé etí tó ga sókè kó lè tẹ́jú. Kí n tó wá àwo tí màá kó gígé yẹn sí, ọmọ tó ń sunkún kòkó ti jẹ ẹ́ tán, ó ń béèrè bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù lórí fíríìjì ti lọ́la ni.