Ọwọ́ Catmull, ọdún 1972

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ogbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń fi Blender (ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán) kọ́ àwòrán tó ń rìn, ẹ fi àwọn fíìmù ńláńlá sílẹ̀ ná. Ẹ wá wo fíìmù ọwọ́ tí Ed Catmull àti Fred Parke, akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, fi kọ̀ǹpútà ṣe ní Yunifásítì Utah, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1972.

Ọwọ́ òsì Catmull fúnra rẹ̀ ni. Ó fi POP ṣe ère rẹ̀ (irun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ọ̀dù lọ!), ó fi yíǹkì fa nǹkan bí 350 onígun mẹ́ta àti onígun púpọ̀ sí i lára, ó wọn ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà, ó sì kó nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má ki ọwọ́ bọ POP àjà ilé o: bó ṣe ń le ló ń gbóná, ó lè bó yín lára.

Nínú fíìmù náà, ojú kọ̀ọ̀kan (ìyẹn onígun kọ̀ọ̀kan tó bo ọwọ́ náà) kọ́kọ́ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ ó rí ààlà wọn kedere. Ọgbọ́n Henri Gouraud, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Faransé, ló tún un ṣe: ẹ ṣírò ìmọ́lẹ̀ níbi àwọn igun, kí àwọ̀ wá máa yọ́ wọ ara wọn láàárín. Àṣẹ Shade Smooth ti Blender, tó ń mú kí ara àwòrán dán, kò jìnnà sí èyí. Àmọ́ àwọ̀ nìkan ló ń tàn yín jẹ; etí ọwọ́ ṣì máa rí ṣákaṣàka bí ojú náà kò bá pọ̀ tó.

Bí ẹ bá ń ṣe ọwọ́ tiyín ní Blender, oríkèé ìka ló ń dójú ti èèyàn jù. Ẹ fa ìlà mẹ́ta yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìka á fún pọ̀ bó bá ti ká.