Ẹ Má Gba Lẹ́tà Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Gbọ́ Tán

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá, "mo rí iṣẹ́ tó sàn ju èyí lọ" ni púpọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ẹni tí yóò jẹ́rìí rẹ̀ níbi iṣẹ́ tuntun jà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá ìdí rẹ̀ ni ohun tó mú un máa wáṣẹ́ kiri nígbà tó ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìdá òṣìṣẹ́ tó ń fiṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dún. Ẹ ro iye òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ní níbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ mọ́ ti ìparí ọdún, ẹ pín in sí méjì. Bí ó bá jẹ́ 52 àti 48, ó di 50. Bí èèyàn 10 bá fúnra wọn lọ láàárín ọdún náà, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ má ka àwọn tẹ́ ẹ lé tàbí àwọn tó fẹ̀yìn tì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u wò lábẹ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Bí 7 nínú 10 yẹn bá wá láti ọ̀dọ̀ alábòójútó kan ṣoṣo, tí owó ẹ̀ka rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru owó oṣù. (Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù ni wọ́n sọ di alábòójútó, láìkọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn.)

Èyí tó máa ń dun òṣìṣẹ́ wọra ni kí wọ́n gba ẹni tuntun, kí wọ́n ní kí ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin kọ́ ọ níṣẹ́, kí owó ẹni tuntun sì ju tirẹ̀ lọ. Ẹ má tan ara yín, yóò gbọ́. Kẹ́ ẹ tó dá iye lé ẹni tuntun, ẹ kọ owó gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn sójú ìwé kan, kẹ́ ẹ sì ṣàtúnṣe tiwọn nínú ètò ìnáwó kan náà. Ẹni tẹ́ ẹ fowó kún tirẹ̀ lẹ́yìn tó ti mú lẹ́tà wá á mọ̀ pé owó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwọn yòókù á sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i gbà.

Bí ẹnì kan bá lọ, ẹ má da iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹni tó já fáfá jù lórí. Òun ló máa lọ tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ pinnu iṣẹ́ tó lè dúró, ẹ dá ọjọ́ tí àfikún iṣẹ́ yóò parí, kẹ́ ẹ sì sanwó rẹ̀.

Ẹ máa bá ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kì í ṣe láti gba ìròyìn iṣẹ́. Ẹ bi í pé: "Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́? Bó o bá máa lọ, kí ló máa lé ẹ?" Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Èyí tí kò ṣeé ṣe, ẹ tètè sọ. Kéèyàn béèrè kó má sì ṣe nǹkan kan burú ju kó má béèrè rárá lọ.

Ní ti ẹni tó ń lọ, kí ọ̀gá rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ wá ẹlòmíì. Kẹ́ ẹ tún pè é lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, tó bá ti fìdí múlẹ̀ níbòmíì.