Àpótí dígí Steno: mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Sátidé. Àpótí dígí ti dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gé e fún mi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìbú rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, kí ojú lè máa rí inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àwòrán mẹ́fà tí Nicolaus Steno, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Dẹ́ńmáàkì, fi sínú ìwé rẹ̀ ní Florence, ní agbègbè Tuscany ní Ítálì, lọ́dún 1669 ni mo fẹ́ fi erùpẹ̀ ṣe. Ó fi wọ́n ṣàlàyé bí ilẹ̀ Tuscany ṣe dà bó ṣe wà: omi bò ó, erùpẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, abẹ́ rẹ̀ di ihò, òkè rẹ̀ ya wọlẹ̀. Omi tún padà dé, ó sì tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè. Ó bàjẹ́. N kò jẹ́ kí omi tòrò kí n tó da ilẹ̀ pupa lé iyanrìn. Ẹrẹ̀ lásán ni mo kó dànù.

Ọjọ́rú. Mo kọ́kọ́ ri rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Omi ló kún inú rẹ̀, mo sì fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹnu rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, agolo ilẹ̀ pupa kan péré. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó tì í. Kíá ni òkúta wẹẹrẹ ti balẹ̀, iyanrìn tẹ̀ lé e, omi sì wà ní pípọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀, amọ̀ tó jọ̀lọ̀ ti bo ojú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí awọ ojú ògì tó ti tutù. Agolo kan ṣoṣo, ìpele mẹ́ta! Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó.

Mo fi ìkarahun ìsáwùrú kan sáàárín ìpele tó tẹ̀ lé e, nítorí eyín ẹja ni ọ̀rọ̀ Steno ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1666 wọ́n gbé orí àkurákudà kan tí wọ́n pa nítòsí Livorno wá fún un, ó sì rí i pé eyín rẹ̀ jọ “òkúta ahọ́n” tí wọ́n ń wà jáde nínú àpáta Malta. Àwọn kan ní ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́, bí a ṣe ń sọ nípa ẹdùn àrá. Àwọn mìíràn ní inú àpáta ló ti ń hù. Steno wo etí ibi tí òkúta náà wà. Ohun tó bá hù nínú ilẹ̀ líle yóò wọ́, bíi gbòǹgbò tó há sínú àpáta, ṣùgbọ́n eyín wọ̀nyí gún régé. Ilẹ̀ náà rọ̀ nígbà tí eyín wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ojú mi rí i lára dígí: amọ̀ yí ìsáwùrú mi ká láìsí sísán kankan.

Ọjọ́ kejìlá. Mo ti fa omi òkè kúrò, ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Mo tú ọ̀pá náà, omi inú rọ́bà dà jáde, abẹ́ ilẹ̀ sì di ihò. Ilẹ̀ sán ní àárín, apá òsì sì dà wálẹ̀ gẹ̀rẹ́, àmọ́ àwọn ìpele rẹ̀ ṣì tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé pẹrẹsẹ ni omi ń tẹ́ erùpẹ̀ yóò mọ̀ pé ìyẹn ṣubú ni.

Lálẹ́ yìí mo fi ṣíbí rọra da iyanrìn funfun àti omi sínú àfonífojì náà. Àwòrán kẹrin nìyẹn. Omi rẹ̀ kò tíì tòrò.