Eyín méjì ni mo yọ kí n tó mọ̀ pé eyín kọ́ ló ń dùn mí

Bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn ló ṣe máa ń ṣán mi lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá tí omi kan ojú, ó dé. Bí mo bá gun ọ̀kadà láti Tanke lọ sí Ọjà Ọba nígbà ọyẹ́, ó dé. Mo pa orín rírun tì.

Wọ́n yọ eyín kan, wọ́n tún yọ èkejì. Ìrora ò kúrò lójú kan. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni; díẹ̀ ló kù kí èmi náà gbà.

A ya CT scan, ìyẹn àwòrán inú orí, èsì ní kò sí nǹkan kan. Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi ń sunkún: ta ni yóò tún gbà mí gbọ́? Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹ́síréè ni wọ́n fi ń ya CT. Ó dára fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sórí àti egungun tó sán, ṣùgbọ́n iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀.

Dókítà àgbà kan tí mo wá lọ bá ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo àwòrán yẹn. "Alhaja, ẹ fi ìka kan ṣoṣo hàn mí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀." Ó fi òwú kan ojú mi lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí n fún eyín pọ̀. Ó ní iṣan 12 ló ti ọpọlọ jáde lápá kọ̀ọ̀kan, ìkarùn-ún ló ń gbé ìmọ̀lára ojú. Ó wá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù MRI, irú àwòrán inú ara mìíràn, pé iṣan karùn-ún ọ̀tún ni kí wọ́n wò, kí wọ́n gé àwòrán rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka fọ́ọ̀mù yín kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ "orí ń fọ́ ọ" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ padà lọ bi dókítà tó kọ ọ́ pé kí ni kí àwọn tó ń ya àwòrán wá.

Mágínẹ́ẹ̀tì ni MRI, nítorí náà mo bọ́ yẹtí, mo yọ píìnì ìborí. Bí irin kankan bá wà nínú ara yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà.

Àwòrán náà fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló gùn lé iṣan karùn-ún náà. Dókítà ní irú rẹ̀ wà lára ẹlòmíì tí nǹkan kan ò ṣe é, pé àlàyé mi ló jẹ́ kí àwòrán náà nítumọ̀. Ó kọ oògùn kan tó ń jẹ́ carbamazepine fún mi lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo ka ìwé inú páálí rẹ̀, mo rí i pé oògùn wárápá ni, àyà mi já! Àṣé oògùn kan náà ló ń tu iṣan yìí lára.

Ní àná mo fi omi tútù ṣe àlùwàlá Àsùbáà. Mo ṣì ń rọra fọwọ́ kan apá ọ̀tún.