Páálí ló tú àṣírí síló píkọ́ọ̀pù bàbá mi

Píkọ́ọ̀pù Toyota tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń kó èlùbọ́ láti Mọ́níyà lọ sí Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é. Mo mọ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ìbejì mi, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ nígbà tí síló rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí nígbà tí a kò fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Bí mo bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, á máa ké bí ẹni pé ẹnìkan ń tẹ tọ́tù, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò sí níbẹ̀. Aago tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan á wà ní 1,800, kò sì ní tètè wálẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 800 ló yẹ kó wà bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Epo ń lọ bí omi. Èyí tó ń já mi láyà jù ni ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: mo bá wọ jíà kìn-ín-ní, ọkọ̀ á máa ti ara rẹ̀ lọ síwájú, ọlọ́kadà á sì wà ní iwájú mi gan-an tòun ti obìnrin tó pọnmọ.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò wo ibì kankan. Ó mú sukudiráfà, ó yí síló wálẹ̀, ó gbowó. Lóòótọ́ ló wálẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ nígbà tí mo dé Òjóò lọ́sàn-án, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná janjan, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín títì. Mo wá ń bi ara mi pé, bó bá jẹ́ sukúrúù ló ní ẹ̀bi, kí ló dé tó ń ga láàárọ̀, tó sì ń kú lọ́sàn-án?

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ro ẹjọ́ mi. Wọn ò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ tí wọ́n fi bi mí pé, "Ìgbà wo ló máa ń ga jù?"

Mo ní, "Bàbá, bí mo bá sáré láti Mọ́níyà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ó máa ń ga. Bí mo bá pẹ́ nínú súnkẹrẹ, á wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá Ìbejì. Afẹ́fẹ́ kan ń wọlé níbi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ ká wá a."

Wọ́n kọ́kọ́ dá sukúrúù náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wáyà tọ́tù kò le jù. Wọ́n wé aṣọ mọ́ ẹnu púláyà, wọ́n ń fún àwọn hóòsì kéékèèké pa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí ìkẹta, ohùn yí padà: hóòsì náà ti sán lábẹ́. Mo ra òmíràn ní Géètì, síló já sí 1,400. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n Bàbá ní ó kù.

Wọ́n ní kí n wa ọkọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé, wọ́n fọwọ́ kan hóòsì òkè rédíétọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Abẹ́rẹ́ géèjì ooru kò kúrò nísàlẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń dúpẹ́ pé ọkọ̀ mi kì í gbóná jù! Bàbá ní kí n mú páálí wá. Wọ́n fi bo ìdajì iwájú rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, àwa méjèèjì sì tẹjú mọ́ géèjì. Abẹ́rẹ́ ń gòkè, síló ń wálẹ̀. 1,400. 1,100. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé àárín, ó dúró sí 800, a ò sì fọwọ́ kan nǹkankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páálí bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò o. Àyẹ̀wò nìkan ni.

Ohun tí Bàbá ṣàlàyé nìyí. Lábẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, fáàfù kékeré kan wà tí ìda wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, fáàfù náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àfikún wọlé, síló á ga fúngbà díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Omi rédíétọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń mú ìda náà gbóná, ìda á wú, á sì ti fáàfù pa. Bí omi kò bá gbóná tó, fáàfù á wà ní ṣíṣí. Bó bá wá gbóná nínú súnkẹrẹ, fáàfù á padé, síló tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti yí wálẹ̀ á sì kéré jù, ìdí nìyẹn tó fi ń kú lọ́sàn-án.

A tú bóòtì méjì ní ilé támósítáàtì. Òfìfo. Mo wá rántí: nígbà tí ọkọ̀ gbóná mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ lọ́nà Òkè-Ògùn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń lò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí dòní. Támósítáàtì ń di omi mú kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n, lẹ́yìn náà ló ń ṣí. 82 ni wọ́n kọ sára èyí tí mo rà, ìyẹn ìwọ̀n ooru, ní Celsius, tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ẹ wo rédíétọ̀ tó dí, ẹ wo fáànù, ẹ wo pọ́ǹpù omi. Bí támósítáàtì fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ sọnù.

A fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Bàbá ní kí n dojú ọkọ̀ kọ òkè, ká ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ká máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, torí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú páìpù omi náà kò ní jẹ́ kí ìda gbóná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1,500. Kí n tó dé Òjóò, ó ti wà ní 800. Ìyá ẹlẹ́pà kan bá mi sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé nínú súnkẹrẹ, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.