Pẹ́ńsù tí wọ́n so mọ́ bọ́tìnnì

Ní kíláàsì kejì ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ mi ń lọ ní Ìbàdàn, olùkọ́ kan wà tí gbogbo àwa òbí ń pè ní Ìyá Tíṣà, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba kí wọ́n tó wá máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ mi ọ̀hún, tí n ó máa pè ní Àjàní níhìn-ín, kì í lè tọ́jú pẹ́ńsù. Mo máa ń ra páálí kan tó ní pẹ́ńsù méjìlá ní Dùgbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, kò ní ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú un nílé-ìwé, mo rí i pé wọ́n ti fi òwú ìránṣọ aláwọ̀ búlúù so pẹ́ńsù mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, òwú náà sì gùn dé ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tó ìwé lórí tábìlì. “Ìyá Àjàní, ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù ti tán,” ni Ìyá Tíṣà wí, wọ́n sì yíjú sí òbí mìíràn.

Wọn kò pe nǹkan kan ní ADHD, ìyẹn ìpèníjà ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí jókòó jẹ́ẹ́, bóyá wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ náà rí. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ tó lè ka ìwé àwọn tó fi ọdún méjì jù ú lọ, ṣùgbọ́n tí kò lè rántí pé wọ́n ní kó ṣí ìwé sí ojú-ewé kejìlá. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn. Bó bá ti ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ àga, wọn á rán an lọ gba ṣọ́ọ̀kì ní ọ́fíìsì, tàbí kí wọ́n ní kó wá nu pátákó. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n máa ń rán, wọ́n ní: “Ara ọmọ yìí ń fẹ́ rìn. Bí n kò bá rán an níṣẹ́, yóò rán ara rẹ̀.”

Nígbà tó bọ́ sí kíláàsì kẹta, ohun gbogbo yí padà. N kò ní purọ́ mọ́ olùkọ́ tó gbà á, èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ méjìdínlógójì ló wà níwájú rẹ̀, kò sí olùrànlọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ òwú àti ṣọ́ọ̀kì fún un. Ìrànlọ́wọ́ tí Àjàní ń rí kò sí nínú ìwé kankan. Inú orí Ìyá Tíṣà ló wà, ibẹ̀ náà ló sì kù sí. Ní ìparí táàmù kìn-ín-ní, Àjàní gba ipò kẹta nínú kíláàsì, èyí sì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ̀wé, tí kò wá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, olóríkunkun ni wọ́n ń kà á sí, nítorí wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Pàṣán ló tẹ̀ lé e. Èmi náà nà án nílé, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Lórí káàdì ripọ́ọ̀tì rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé ó mọ̀wé ṣùgbọ́n eré rẹ̀ pọ̀ jù, gbólóhùn kan náà tí mo rántí pé wọ́n ń kọ sórí káàdì àbúrò mi ọkùnrin ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, àbúrò mi tó fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí gbogbo ẹbí sì ń pè ní aláìbìkítà títí di òní.

Kì í ṣe pé kò sí òfin ní Nàìjíríà. Òfin 2018 tó ka ìdẹ́yẹsí àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019, sọ pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ náà, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 wà ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ìbàdàn rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ ìpèníjà ara, ohun tí ojú rí ni ọkàn àwọn èèyàn máa ń lọ sí: afọ́jú, adití, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́. Ta ni yóò ka ọmọ tó gba ipò kẹta mọ́ wọn? UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, náà ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé, mo sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò lọ, nítorí mo ń bẹ̀rù ẹni tí yóò rí mi ní ẹnu ọ̀nà. Ní Èkó, mo gbọ́ pé àwọn ilé-ìwé olówó ńlá máa ń ní kí òbí gba olùkọ́ kan tí yóò máa jókòó ti ọmọ, kí wọ́n sì máa san owó oṣù rẹ̀ fúnra wọn. Agbára wa kò gbé e.

Ní oṣù Kìíní 2022, iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàní sì wọ Year 3 nílé-ìwé ìjọba tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí láti 1987 ni òfin ti gba pàṣán kúrò lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba níhìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àìsí pàṣán àti ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ọmọ mi jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta, ó fi gbogbo okun rẹ̀ di ara rẹ̀ mú, bó bá ti wọlé tó bọ́ bàtà kan ni yóò bú sẹ́kún, bàtà kejì yóò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn olùkọ́ kò rí ìyẹn. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ tó ń kàwé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nínú ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan níhìn-ín, òfin ní kí olùkọ́ kan wà tí ń mójú tó àwọn ọmọ tó nílò àfikún ìrànlọ́wọ́. SENCO ni wọ́n ń pè é. Ìpàdé wa àkọ́kọ́ wáyé lórí àwọn àga kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún márùn-ún, tí orúnkún ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà ní kí a máa pe òun ní orúkọ rẹ̀ gan-an, ohun tí ẹnu mi kò gbà títí di òní. Ó bi mí pé báwo ni Àjàní ṣe ń ṣe sí nílé. Mo dáhùn bí wọ́n ṣe tọ́ mi láti dáhùn: “A dúpẹ́, kò sí wàhálà.” Nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé náà dé, mo kà á níbẹ̀ pé òbí kò ní ìṣòro kankan láti sọ.

Gbólóhùn kan yẹn gbà wá ní nǹkan bí ọdún kan kí a tó lè pa á rẹ́. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè jókòó síwájú àlejò kí n máa ka àléébù ọmọ mi lẹ́sẹẹsẹ. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ rẹ lọ́wọ́ yóò wo ojú rẹ, yóò mọ̀ pé “a dúpẹ́” ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Níhìn-ín, ohun tí o bá sọ ni wọ́n ń kọ, ohun tí wọ́n bá kọ ni kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń kà, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Mo ra ìwé àjákọ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Èyí ni ọ̀kan nínú wọn: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣirò mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún kú ogún ìṣẹ́jú. Ó parí ní aago méje kú ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ ló gbà.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ni ilé-ìwé máa ń rí. Ní Ìbàdàn, wọ́n wo ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Níhìn-ín, wọ́n wo ìdáhùn kan náà, wọ́n ní ọmọ yìí kò nílò nǹkan kan. Kò sí èyí tó béèrè iye tí ó ná an nínú àwọn méjèèjì.

Olùgbani-nímọ̀ràn kan ní SENDIASS, ẹ̀ka tó ń gba òbí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ló là mí lójú. Ó sọ fún mi pé ilé-ìwé kò gbọdọ̀ dúró de ìwé dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn ọmọ lọ́wọ́. Ó sọ pé lábẹ́ òfin àwọn ọmọdé àti ẹbí ti 2014, èmi òbí lè kọ̀wé sí kánsù fúnra mi pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Àjàní fún EHCP, ìyẹn ìwé ètò tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ di gbèsè lọ́rùn kánsù, tó sì lè bá ọmọ dé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ibì kan nínú òfin náà tí wọ́n ti ní kí ọmọ kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́. Ohun tó béèrè ni pé bóyá ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, àti bóyá irú ìwé ètò bẹ́ẹ̀ lè pọn dandan.

Àwọn ará ìjọ wa tó gbọ́ sọ pé kí a fi í sílẹ̀, pé yóò ba físà wa jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti dí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ọmọ tó ní ìpèníjà, tí wọ́n ń pè ní DLA, wà lára ohun tí físà wa kò jẹ́ kí a gbà. EHCP kò sí lára rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba kò sí lára rẹ̀, ìtọ́jú NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, náà kò sì sí lára rẹ̀.

Kánsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti fèsì, wọ́n sì fèsì pé rárá, nítorí pé Àjàní ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́. Oṣù méjì ni òfin fún wa láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kékeré tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Níbi ìjíròrò ìlàjà tó ṣáájú rẹ̀, mo ka ojú-ewé mẹ́rin nínú ìwé àjákọ mi, wọ́n sì yí ìpinnu wọn padà. Onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé tí wọ́n rán wá jókòó ti Àjàní fún wákàtí méjì. Òun ló rí i pé òye ọ̀rọ̀ ọmọ náà ga gan-an, ṣùgbọ́n agbára àtidi nǹkan méjì tàbí mẹ́ta mú sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà kéré, àti pé òye yẹn ló fi ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ogún ni òfin fún gbogbo iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí a béèrè. Tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kí ìwé náà tó jáde ni ilé ìwòsàn tó fi wá sórí ìtò àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò ADHD fún ohun tó lé ní ọdún kan pè wá, dókítà béèrè bóyá ẹlòmíràn nínú ẹbí ní irú ìṣesí yìí, mo sì rántí àbúrò mi.

Ojú-ewé mọ́kànlélógún ni ìwé ètò Àjàní. Ní apá tí wọ́n ti ka ìrànlọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ pé kó jókòó nítòsí olùkọ́, kí wọ́n máa fún un ní ìtọ́ni lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa jẹ́ kó dìde rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn gbogbo ogún ìṣẹ́jú, fún àpẹẹrẹ, nípa rírán an lọ sí ọ́fíìsì. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gba ọdún méjì, onímọ̀ kan, dókítà kan, òṣìṣẹ́ kánsù mẹ́rin àti ìwé àjákọ méjì kí a tó padà dé ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀kì Ìyá Tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ gba ìsinmi ìbímọ ní àárín ọdún, ìrànlọ́wọ́ náà kò bá a lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà dé, mo pe Ìyá Tíṣà lórí WhatsApp. Wọ́n súre fún ọmọ náà tìtì, lẹ́yìn náà wọ́n ní: “Ojú-ewé mọ́kànlélógún, Ìyá Àjàní? Ẹni tó ń kọ́ ọ, ṣé ó ti kà á tán?”

N kò mọ èsì tí n ó fọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ í-meèlì sí ilé-ìwé láti béèrè.